Ère Tí Ń Ṣọ́ Igbó: Ẹ̀kọ́ Láti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo

 

Ìtàn sọ pé òkúta tí àwọn ará ìṣáájú ń lọ irin lórí rẹ̀ ni ó fún Ìlọrin ní orúkọ. Àwa tí a ń gbé ìlú yìí mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn àti ohun tí Elédùmarè dá lè jọ gbé pọ̀. Èyí hàn kedere nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ó sì tọ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní àkókò yìí tí igbó ń tán, tí omi sì ń bàjẹ́.

Ní ìgbà kan, ewu wu igbó náà: àwọn kan ń gé igi rẹ̀, àwọn mìíràn ń dáko síbẹ̀, ikán sì ti jẹ ojúbọ. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dara pọ̀ mọ́ àwọn olórìṣà láti tún un ṣe. Kì í ṣe òun nìkan. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà, fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta. Kásálí Àkàǹgbé gbẹ́ igi.

Báwo ni ère ṣe ń ṣọ́ igbó? Igbó tí kò ní àmì, ẹni tí ó gbé àáké lè pè é ní igbó lásán. Níbi tí ère bá dúró, olúwarẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ní olúwa. Èèwọ̀ tí a ń fi ẹnu sọ di ohun tí ojú ń rí. Ní 1965, ìjọba sọ igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 2005, UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé. Ó tó hẹ́kítà 75. Àdùnní Olórìṣà papòdà ní 2009. Igbó náà ṣì dúró.

Ṣùgbọ́n ère kò lè sé odò. Láti òkè ni omi Ọ̀ṣun ti ń ṣàn bọ̀, ìwakùsà wúrà ní agbègbè Iléṣà sì ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà lásìkò ọdún Ọ̀ṣun. Omi tí àwọn tí ń wá ọmọ ń bù mu ti di omi tí a ń bẹ̀rù. Bí a bá ṣọ́ ojúbọ tí a kò ṣọ́ orísun, iṣẹ́ kò tíì parí.

Níhìn-ín, odò Àṣà gba àárín Ìlọrin kọjá, ìdọ̀tí sì ń wọ inú rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá rúbọ létí odò má fi ọ̀rá tàbí ike sílẹ̀ níbẹ̀. Igbá, ewé àti ìkòkò amọ̀ ni àwọn bàbá wa lò, ilẹ̀ sì gbà wọ́n padà. Kí ẹni tí ó bá já ewé fún àkóṣe tún gbin òmíràn. Kí àwa awo sì máa sọ̀rọ̀ níwájú ọba àti ìjọba nígbà tí wọ́n bá ń ba omi jẹ́, nítorí ẹni tí ń bọ odò ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbèjà rẹ̀.

Kí omi má gbẹ, kí ó má dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ.