"IS" NÍNÚ ÈDÈ GẸ̀Ẹ́SÌ: Ọ̀RỌ̀ KÉKERÉ TÍ Ó Ń DA ỌMỌ ILÉ-KÉWÚ LÁÀMÚ

Àṣìṣe kan wà tí àwọn ọmọ wa máa ń ṣe tí wọ́n bá ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ á kọ "My father tall" tàbí "Amina sick". Olùkọ́ á fa ìlà pupa sí i, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi rẹ́rìn-ín, òbí á ní olódo ni. Ọmọ náà kì í ṣe olódo. Ọ̀nà tí èdè méjì tí ó ti mọ̀ ń gbà ni ó gbé wọ inú ẹ̀kẹta.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó. Ní Yorùbá, à ń wí pé "Bàbá mi ga". "Ga" fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sí ohun tí ó kù. Ní Lárúbáwá, à ń wí pé "Abī ṭawīl". "Abī" ni mubtada, "ṭawīl" ni khabar, gbólóhùn ti pé. "Allāhu akbar" tí à ń wí nínú ìrun wa lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ méjì péré ni òun náà. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. "Tall" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́dọ̀ tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn wọn kì í pé láìsí ọ̀rọ̀-ìṣe. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi "is" so olùwà mọ́ ohun tí a sọ nípa rẹ̀: "My father is tall". Ọ̀rọ̀-ìṣe asopọ̀ ni irú èyí. Kò sọ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ṣe, okùn ìdè ni.

IBI MẸ́TA TÍ À Ń LÒ Ó

Ẹ jẹ́ kí á fi ère òkúta Èsìẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n lé ní 1,000, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí fún wọn ní 1945 sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

1. "Esie is a town": Èsìẹ́ jẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó tẹ̀lé e.
2. "The images are old": Àwọn ère náà ti pẹ́. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni ó tẹ̀lé e.
3. "The museum is in Esie": Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà wà ní Èsìẹ́. Ibi tí nǹkan wà ni ó tẹ̀lé e.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Yorùbá lo "jẹ́" ní ọ̀kan, ó lo "wà" ní òmíràn, kò sì lo èyíkéyìí nínú wọn ní ìkejì. Ìkejì yìí gan-an ni ọmọ ti ń gbàgbé "is".

ÌYÀTỌ̀ SÍ GBÓLÓHÙN MÌÍRÀN

"Birds fly": olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni. "Musa bought a book": ó ní àbọ̀. Musa yàtọ̀, ìwé yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nínú "Musa is a teacher", Musa náà ni olùkọ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Bí ẹ ó ṣe mọ àbọ̀ yàtọ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún "Musa is reading". "Is" kò so nǹkan pọ̀ níbẹ̀, "reading" ni ó ń ràn lọ́wọ́.

"Is" nìkan kọ́ ni asopọ̀. "Become", "seem", "look", "feel", "smell", "taste", "grow" àti "remain" lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Báwo ni a ó ṣe dá wọn mọ̀? Ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ fi "is" rọ́pò rẹ̀. "The soup tastes good" á di "The soup is good". Ó bọ́ sí i, asopọ̀ ni. "My mother tastes the soup" á di "My mother is the soup". Ta ni ìyá rẹ̀ jẹ́ ọbẹ̀? Kì í ṣe asopọ̀.

ẸNI TÍ Ó MỌ NAHWU TI MỌ ÌDAJÌ

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Ajurrumiyya, ìwé Ibn Ājurrūm ará Fez ní Mòrókò, ẹni tí ó kú ní 1323, ẹ ti mọ "kāna" àti àwọn arábìnrin rẹ̀. "Ṣāra" jọ "become", "mā zāla" jọ "remain", "laysa" sì ni "is not". Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé "kāna" ń yí ìparí khabar padà: "Kāna abī ṭawīlan". Gẹ̀ẹ́sì kì í yí i: "My father was tall". Nítorí náà, ẹ má kọ "The girl looks beautifully". "Beautiful" ni kí ẹ kọ, torí ọmọbìnrin náà ni à ń júwe, kì í ṣe bí ó ti ń wo nǹkan.

ÌDÁNRAWÒ

Èwo ni ó ní asopọ̀ nínú ìwọ̀nyí?

1. The yam smells bad.
2. The farmer grows yams.
3. The old man grew weak.
4. Fatima is sweeping the mosque.
5. Omu-Aran is in Kwara State.

Ìdáhùn: 1, 3 àti 5.

Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ bá mú ìwé onílà pupa wálé, ẹ má nà án. Ẹ ní kí ó sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá, kí ó sọ ọ́ ní Lárúbáwá, kí ó wá wá okùn tí Gẹ̀ẹ́sì fi dè é. Ọmọ tí ó mọ ìdí àṣìṣe rẹ̀ kì í pẹ́ kọ́ àtúnṣe. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní òye.