Ta Ni Yóò Jókòó Ti Afipábánilòpọ̀?

Láti Ajégúnlẹ̀ dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri tó wà lápá Àpápá kò jìnnà rárá. Bí wọ́n bá fipá bá ọmọdé lò pọ̀ nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ohun tí ará àdúgbò ń fẹ́ ni kí wọ́n gbé ẹni tó ṣe é lọ síbẹ̀, kó má jáde mọ́. Wọn ò jẹ̀bi. Òfin Èkó náà ò fọwọ́ kékeré mú un: ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó fi ọwọ́ ìṣekúṣe kan ẹlòmíràn lè ṣe ọdún 3 péré kó sì padà sáàárín wa, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kì í sì tilẹ̀ dé kóòtù. Ìwádìí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ṣe pẹ̀lú UNICEF ní 2014 fi hàn pé nínú ọmọbìnrin 4, wọ́n ti fìyà ìbálòpọ̀ jẹ 1 kó tó pé ọdún 18. Láàárín ọmọkùnrin, 1 nínú 10 ni. Ẹni tí ọmọ mọ̀ ló sábà máa ń ṣe é. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí gan-an ni mo ṣe gbà pé a nílò dókítà ọpọlọ àti onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tí yóò fi títọ́jú àwọn oníwà yìí ṣe iṣẹ́ ayé wọn.

Iṣẹ́ ọ̀hún ń tánni lókun. Ẹni tí dókítà jókòó tì ń sẹ́, ó ń di ẹ̀bi ru ọmọ, ó ń sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. Dókítà á bá a tọpa ọ̀ràn náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀: ìgbà wo ni èrò náà bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe rí i pé ọmọ náà dá wà, irọ́ wo ló ń pa fún ara rẹ̀? William Marshall ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ohun tó lé ní ogójì ọdún ní Kánádà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo fídíò ìtọ́jú nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rí i pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń yí padà jù níbi tí olùtọ́jú ti fi ojú èèyàn wò wọ́n, tó yìn wọ́n fún ìgbésẹ̀ rere, tó sì tọ́ wọn sọ́nà. Jíjágbe mọ́ wọn kò so èso.

Àwọn kan á ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í yí padà. Ní 1998, Karl Hanson àti Monique Bussière kó ìwádìí 61 jọ lórí àwọn oníwà yìí tó lé ní 23,000. Láàárín ọdún 4 sí 5, ìdá 13.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló tún dá irú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Òótọ́ ni pé àwọn tọ́wọ́ tẹ̀ nìkan ni wọ́n kà. Àtakò tó le jù wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017, a ò sì gbọdọ̀ fi pamọ́: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ló tún dẹ́ṣẹ̀, nígbà tó jẹ́ 8 láàárín àwọn tí kò gbà á. Ìjọba pa ètò ìtọ́jú náà tì. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe onímọ̀ ìhùwàsí ló ń darí púpọ̀ nínú ìjókòó wọn. Nígbà tí Theresa Gannon àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ da ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ ní 2019, ìdá 9.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú ló tún dẹ́ṣẹ̀, 14.1 ni ti àwọn tí kò gbà á, èso rẹ̀ sì dára jù níbi tí onímọ̀ tó gbàwé ẹ̀rí ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é déédéé. Ọwọ́ tí ìtọ́jú bá bọ́ sí ló ń pinnu ohun tí yóò bí.

Ẹlòmíràn á ní kí owó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ṣe níkà. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Kò gbọdọ̀ sí kọ́bọ̀ kan tí a ó yọ lára owó Mirabel Centre, tó ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ nílé ìwòsàn LASUTH n'Íkẹjà láti 2013. Ṣùgbọ́n òfin ọgbà àtúnṣe ti 2019 ti sọ ìtúnṣe ẹlẹ́wọ̀n di ojúṣe ìjọba àpapọ̀, ilé ìwòsàn ọpọlọ sì ti wà ní Yábàá láti 1907. Kí wọ́n yan onímọ̀ láti ibẹ̀ sí Kirikiri, kó sì máa bá ẹni tó bá jáde lọ dé Ajégúnlẹ̀. Ìtọ́jú kò gbọdọ̀ rọ́pò ẹjọ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbà á bá sì fi hàn pé ọmọ kan wà nínú ewu, dókítà gbọ́dọ̀ sọ fún aláṣẹ lójú ẹsẹ̀, kó sì ti jẹ́ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó.