Má gbà pé o jẹ̀bi torí kí o lè tètè délé

Ọjọ́ Ajé kan báyìí, kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo dúró sí iwájú ilé-ẹjọ́ Májísíréètì kan pẹ̀lú ìyá àdúgbò wa kan tó ń ta ẹ̀pà nítòsí ọjà Ikotun. Ọmọ rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fóònù títúnṣe. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni ọlọ́pàá gbé e, nígbà tó ń ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ bọ̀ wá sílé ní Igando. Àwọn tí wọ́n jọ kó lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní mẹ́wàá, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n sì kà sí gbogbo wọn lọ́rùn: pé wọ́n hùwà tó lè da omi àlàáfíà ìlú rú.

Ọkùnrin kan tó ń rìn kiri nínú ọgbà kóòtù, tí mi ò mọ̀ bóyá lọ́yà ni tàbí alágbàtà, wá bá wa. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ fún ọmọ yín kó gbà pé òun jẹ̀bi. Adájọ́ á bu owó ìtanràn díẹ̀ fún un, ẹ ó san án, ẹ ó sì mú un lọ sílé lónìí. Tó bá ní òun ò jẹ̀bi, Kirikiri ló ń lọ yẹn o."

Ìyá yíjú sí mi. "Bọ̀ọ̀dá, kí la máa ṣe?"

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Èmi tí mo ń kọ̀wé síbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí mo ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé, mo ní kí ọmọ náà gbà. Ojú ìyá náà ni mò ń wò. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò tíì fojú kan oorun, kí gbogbo ẹ̀ ṣáà parí ni mo fẹ́.

Lọ́yà obìnrin kan, ọ̀kan lára àwọn tó ń gbèjà ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, ló gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ yìí ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe?" Mo ní rárá. Ó ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ kó gbẹ̀bi rù?" Mi ò rí èsì kankan fọ̀.

Torí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ń kọ tòní. Ọ̀pọ̀ nínú wa, láti Egbeda dé Ikotun dé Igando, kò mọ bí ẹjọ́ ọ̀daràn ṣe ń rìn. Ọjọ́ tó bá kàn wá, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí wa létí la máa ń tẹ̀lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àgọ́ ọlọ́pàá. Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹnikẹ́ni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, ó yẹ kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sílẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́. Tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 síbi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan ni òfin fún ọlọ́pàá láti gbé e lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí Ikotun sí Ikeja mọ. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀ á débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n mú lálẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ Ajé ló fojú kan adájọ́.

Ọ̀rọ̀ "wandering" náà ńkọ́, tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ẹni tó bá pẹ́ níta? Àtọdún 1989, láyé ìjọba ológun, ni òfin ti ní kí wọ́n má mú èèyàn fún un mọ́. Tí wọn ò bá sì rí ẹni tí wọ́n ń wá, òfin ò gbà kí wọ́n mú ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ dípò. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́, òfin tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn ní ìpínlẹ̀ Èkó ní kí wọ́n ká afurasí sórí fídíò, tàbí kí lọ́yà tí òun fúnra rẹ̀ yàn wà níbẹ̀. Nítorí náà, má fọwọ́ sí ìwé tí o kò kà. Ìwé yẹn náà ni wọ́n máa gbé síwájú adájọ́.

Tí ẹ bá dé kóòtù, akọ̀wé kóòtù á ka ẹ̀sùn sétí olùjẹ́jọ́. Tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀, kò sì ní san kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi í: ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ní òun ò jẹ̀bi, abala 36 ìwé òfin ti gbè é lẹ́yìn: aláìṣẹ̀ ni títí ìjọba yóò fi mú ẹ̀rí wá pé ó ṣẹ̀. Òun kọ́ ló máa fi hàn pé ọwọ́ òun mọ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agbefọ́ba. Ẹlẹ́rìí kankan ò ní wá mọ́, kò sẹ́ni tó máa bi ọlọ́pàá léèrè ibi tó ti rí i àti ohun tó ń ṣe. Ó ku kí adájọ́ sọ ìjìyà rẹ̀. Owó ìtanràn tí wọ́n ń pè ní díẹ̀ yẹn, ìjìyà ọ̀daràn ni, orúkọ rẹ̀ sì ti wọ ìwé nìyẹn.

Mi ò ní kẹ́ni tó ṣẹ̀ máa parọ́ o. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ṣe é lè gbà, adájọ́ sì lè ro ìyẹn mọ́ ìdájọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó jókòó ti lọ́yà ná. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí alágbàtà ń sọ síni létí lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ tiwa ní òun ò jẹ̀bi. Méje nínú àwọn tí wọ́n jọ mú wọn gbà pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n sanwó, wọ́n sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Adájọ́ gba béèlì ọmọ wa, ó ní kó mú onídùúró méjì wá, tí wọ́n níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tí wọ́n sì ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ń san owó orí fún ìjọba Èkó. Ibẹ̀ la ti há. Ọ̀gá rẹ̀ ò ní ìwé owó orí. Èmi náà, ìtìjú ni láti sọ ọ́, tèmi ti ju ọdún kan lọ tí mo ti san án kẹ́yìn. Òru mẹ́fà ni ọmọ náà sùn sí àhámọ́ torí ìwé. Nígbà tí mo dé ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó bu omi fún mi, ó sì wọlé lọ.

Ẹ ò rí i pé alágbàtà yẹn ò parọ́ tán? Ó mọ̀ pé onídùúró ṣòro rí. Ohun tó ń ti aláìṣẹ̀ láti gbẹ̀bi rù gan-an nìyẹn. Jákèjádò Nàìjíríà, àwọn tó ń retí ìdájọ́ ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n lọ. Tí ìjọba bá fẹ́ kí ẹ̀wọ̀n fúyẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí béèlì ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ èyí tí ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ lè gbà.

Ẹjọ́ tó bá wúwo, bí ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè, kọjá agbára Májísíréètì. Ó lè ní kí wọ́n fi afurasí sí àhámọ́, kí fáìlì sì lọ sọ́dọ̀ DPP ní ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ fún ìmọ̀ràn. Tí DPP bá ní ẹ̀rí wà, ó di ilé-ẹjọ́ gíga. Suuru nibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ rántí ilé ìgbàlejò ìjọ Synagogue tó wó ní Ikotun ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2014, tó pa èèyàn 116. Májísíréètì Oyetade Komolafe ló ṣèwádìí ikú wọn, oṣù Keje ọdún 2015 ló sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ọdún 2016 ni wọ́n tó ka ẹ̀sùn sí àwọn tọ́rọ̀ kàn létí ní ilé-ẹjọ́ gíga Ikeja. Gbogbo ayé ló ń wo ẹjọ́ yẹn o. Mélòó mélòó wá ni tọmọ ẹlẹ́pà?

Tiwa gba oṣù méje. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sún un síwájú, torí ọlọ́pàá tó yẹ kó wá jẹ́rìí ò yọjú. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, adájọ́ ní ó tó gẹ́ẹ́, ó da ẹjọ́ náà nù. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sórí kọnkéré níta.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn pè mí. Ó fẹ́ japa, ó ń kọ fọ́ọ̀mù físà ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá kóòtù ti dá a lẹ́bi rí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ti ìgbà yẹn wà lára ẹ̀? Ṣebí owó lásán ni mo san." Mo dákẹ́ díẹ̀ kí n tó dá a lóhùn. Mo rántí pé ìmọ̀ràn kan náà ni èmi náà gba ìyá ẹlẹ́pà lọ́jọ́ náà.

Torí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kọ nọ́ńbà ẹni tó lè dúró fún yín sórí, kì í ṣe inú fóònù nìkan, torí wọ́n máa gba fóònù. Ẹ wá OPD tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ tàbí Legal Aid Council, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá ẹni tí kò lágbára ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ san owó orí yín, kí ẹ sì tọ́jú ìwé rẹ̀. Èmi ti san tèmi. Ọmọ ẹlòmíràn lè nílò rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.