Gbígbìn àti Ìtọ́jú Ọ́kíìdì Àmúlùmálà ní Ilẹ̀ Olóoru

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ojú àfòmọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo ọ́kíìdì tó bá hù lórí igi, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn kò jọra. Àfòmọ́ a máa wọnú igi láti fa omi àti oúnjẹ rẹ̀ mu. Ní ti ọ́kíìdì, ó kàn jókòó sórí igi ni. Omi òjò àti ìrì ló ń mu. Àpẹẹrẹ kan ni Ansellia africana, tó ń hù lórí igi nínú igbó ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí ọ́kíìdì olówó iyebíye fi ń kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. A gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀, a ń bomi rin ín lójoojúmọ́, gbòǹgbò rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́, ó sì jẹrà. A wá ní ooru ló pa á. Nínú iṣẹ́ yìí, a fi hàn pé ọ́kíìdì lè gbèrú nínú ooru bí a bá yan ẹ̀yà tó yẹ, tí a sì jẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ mí.

Yíyan ẹ̀yà

Ọ́kíìdì àmúlùmálà ni èyí tí a bí láti ara ẹ̀yà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1893, ní Singapore tí ooru ti ń mú jákèjádò ọdún, Agnes Joaquim gbé Vanda Miss Joaquim jáde. Ní 1981 ó di òdòdó orílẹ̀-èdè náà. Ọmọ a máa jogún ìwà òbí rẹ̀, nítorí náà, ibi tí òbí ọ́kíìdì ti ṣẹ̀ wá ló yẹ ká bèèrè ká tó rà á. Vanda àti ọ̀pọ̀ Dendrobium ti ilẹ̀ olóoru ló rọrùn jù fún wa. Phalaenopsis yóò ta ewé dáadáa, ṣùgbọ́n bí ooru bá ju 28°C lọ tọ̀sán-tòru, kì í sábà tanná. Ó ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òru yóò fi tutù. Òru ìgbà ọyẹ́ ní ìhà Àríwá lè fún un ní èyí. Cymbidium olódòdó ńlá, tí òbí rẹ̀ wá láti orí òkè tútù, kò bá wa mu.

Ibi gbígbìn àti ìmọ́lẹ̀

Ìkòkò oníhò púpọ̀ tàbí agbọ̀n onígi ni kí a lò, kí a kó èédú àti àpáàdì sí i. A lè fi èèpo àgbọn díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n kí ó má pọ̀, nítorí a máa gba omi dúró. Vanda tilẹ̀ lè rọ̀ sínú agbọ̀n lásán, kí gbòǹgbò rẹ̀ máa fì nínú afẹ́fẹ́. Oòrùn àárọ̀ tẹ́ Dendrobium lọ́rùn. Ibòji ni Phalaenopsis ń fẹ́. Bí ewé bá dúdú jù, ìmọ́lẹ̀ kò tó. Bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, oòrùn ti pọ̀ jù.

Omi àti ajílẹ̀

Gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ìgbà tí omi yá. Bí ó bá gbẹ, a funfun bí ẹfun. Bí ó bá mu omi, a di àwọ̀ ewé. Àárọ̀ ni kí a bomi rin ín, kí ewé lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà òjò, kí a gbé e sábẹ́ ìbòrí. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ púpọ̀, nítorí náà kí a máa fọ́n omi sí gbòǹgbò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ajílẹ̀ tí wọ́n kọ sára ike ni kí a pín in sí, kí a lo ìdá kan lọ́sẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a fi omi lásán ṣàn án dáadáa kí iyọ̀ ajílẹ̀ má baà jó o.

Mímú un bí sí i

Irúgbìn rẹ̀ kéré bí eruku, ọmọ tó bá sì tibẹ̀ jáde kì í jọ ìyá rẹ̀ tán. Ọmọ tó bá yọ lára igi Dendrobium ni kí a gé nígbà tí ó bá ti ta gbòǹgbò tirẹ̀. Kí a fi ọ̀bẹ yíná ká tó gé òmíràn, kí àrùn má baà ti ara ọ̀kan ran èkejì.

Ìgúnlẹ̀

A dá a lábàá pé kí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Dendrobium kan nínú èédú, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wo àwọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ láràárọ̀. A sì rọ àwọn àgbẹ̀ tó ń gé àfòmọ́ kúrò lára kòkó pé kí wọ́n wò ó dáadáa kí àdá tó balẹ̀: èyí tó kàn jókòó sórí igi kò jalè.