Orúkọ Wà Níbẹ̀, Áàpù Ní Kò Sí: Bí A Ṣe Ń Tún Ìwákiri Orúkọ Yorùbá Ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù orí kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, ìyẹn irú áàpù tí èèyàn máa ń tẹ̀ tí yóò sì ṣí wíńdò tirẹ̀: ti ilé-ìwé, ti ṣọ́ọ̀bù oògùn, ti ìjọ, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Gbogbo wọn ló ń tọ́jú orúkọ èèyàn. Tó bá sì jẹ́ pé àwa Yorùbá là ń lò ó, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi pariwo pé, "Mo tẹ orúkọ yẹn, kò rí i!"

Èsì tí wọ́n sábà máa ń fún onítọ̀hún ni pé, "Ẹ yọ àmì orí ẹ̀ kúrò jàre, á ṣiṣẹ́." Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ara orúkọ náà dá ṣáṣá, kóòdù ló ń ṣàìsàn, oògùn rẹ̀ ò sì ju bí ìlà mẹ́wàá lọ.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò láti ìdí. Kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. ASCII tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963 ní àyè 128 péré. Kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ. Unicode tó jáde ní 1991 ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún lẹ́tà onírúurú èdè ní nọ́ńbà. Nínú rẹ̀, a jẹ́ U+0061, á jẹ́ U+00E1, ẹ jẹ́ U+1EB9, ọ jẹ́ U+1ECD, ṣ sì jẹ́ U+1E63. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà.

Ẹ́ wá ńkọ́, èyí tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní àmì ohùn lórí? Kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Èdè Vietnam ní ệ, ó ní àmì lókè, ó ní nísàlẹ̀, wọ́n sì fún un ní U+1EC7. Ní tiwa, àfi ká kọ́kọ́ gbé ẹ sílẹ̀, ká tó wá gbé àmì ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà mìíràn: U+0301 fún ohùn òkè, U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Unicode sì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ò ní fi irú lẹ́tà alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ kún un mọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má jókòó dè é.

Ibi tí ìjà ti wá bẹ̀rẹ̀ nìyí: ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni kíbọ́ọ̀dù lè gbà kọ ọ́. Ó lè kọ ọ, kó wá fi àmì ohùn sí i. Ó lè kọ o lásán, kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i (U+0323 nìyẹn), kó tó wá fi àmì ohùn. Ó sì lè kọ ó, kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ òde àríyá á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnì kan ra gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní auto gele, ó kàn dé e bíi fìlà. Ẹlòmíràn ra aṣọ gèlè, ó dúró níwájú dígí, ó wé e fúnra rẹ̀. Tí àwọn méjèèjì bá jókòó nídìí tábìlì kan náà, ta ló máa mọ̀yàtọ̀? Ojú wa ò mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, torí pé nọ́ńbà ló ń kà ní tirẹ̀.

Ẹ mú orúkọ bíi Bọ́láńlé. Lójú wa, lẹ́tà méje ni. Tí wọ́n bá kọ ọ́ ní ọ̀nà tó pa lẹ́tà àti àmì pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, nọ́ńbà mẹ́jọ ni. NFC ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí. Tí wọ́n bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì lọ́tọ̀, nọ́ńbà méjìlá ni, NFD sì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Nígbà tí kóòdù yín bá wá bi kọ̀ǹpútà pé ṣé orúkọ yìí bá tọ̀hún mu, ó máa fi mẹ́jọ wé méjìlá, ó sì máa ní rárá. Òótọ́ tirẹ̀ ló sọ.

Nǹkan yìí kì í ṣe eré o. Wọ́n pè mí ní ìjelòó pé kí n wá wo áàpù ilé-ìwé aládàáni kan. Ẹlòmíràn ló kọ ọ́, Python ni, Tkinter ló fi ṣe ojú rẹ̀, SQLite ló fi ń tọ́jú orúkọ. Bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan ti san owó ilé-ìwé, rìsíìtì wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n áàpù ní wọ́n jẹ gbèsè odindi táàmù kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lé ọmọ náà jáde ní kíláàsì. Bọ́sà, ìyá àgbàlagbà kan tí ara wọn balẹ̀ dáadáa, ní, "Ọmọ mi, orúkọ rẹ̀ rèé nínú lísìtì yìí. Mo wá tẹ ẹ́ síbí, ó ní kò sí. Àbí ojú mi ni?"

Mo ní, "Ojú yín ríran kedere, mà. Ẹ jẹ́ kí n bi kọ̀ǹpútà léèrè."

Ìlà kan péré ni mo fi bi í:

for c in oruko: print(hex(ord(c)))

Orúkọ tó wà nínú lísìtì mú nọ́ńbà méjìlá jáde, èyí tí bọ́sà tẹ̀ mú mẹ́jọ. (Bọ́láńlé kọ́ lorúkọ ọmọ náà o, mo kàn ń lò ó ni.) Nígbà tí mo wo inú dátábéèsì, ọmọ kan ṣoṣo ti di èèyàn méjì. Ọ̀kan ti ara lísìtì tí wọ́n kó láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn wá, èkejì jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ní ọ́fíìsì. Owó wọ orí ọ̀kan, gbèsè jókòó sórí èkejì. Ẹni tó kọ áàpù náà tiẹ̀ gbìyànjú, ó fi UNIQUE sí i kí orúkọ má baà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n báìtì ni SQLite ń fi wéra. Tí báìtì bá ti yàtọ̀, lójú tirẹ̀, èèyàn méjì ni.

Ó yá, àtúnṣe. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí orúkọ kankan má wọlé láì gba ẹnu ọ̀nà kan náà. Yálà ó ti ara kíbọ́ọ̀dù wá tàbí ti ara fáìlì, ẹ sọ ọ́ di NFC kó tó dé dátábéèsì:

import unicodedata

def ilekun(s):
    s = s.replace("\u0329", "\u0323")
    return unicodedata.normalize("NFC", s.strip())

Ìlà tí replace wà nínú rẹ̀ yẹn, ẹ má fò ó. Àwọn kan kì í lo àmì kíkán lábẹ́ ẹ àti ọ, ìlà kékeré tó dúró ni wọ́n máa ń lò, U+0329. Lójú Unicode, nǹkan ọ̀tọ̀ gbáà nìyẹn, NFC ò sì ní bá yín pa wọ́n pọ̀. Ní tèmi, bí àmì ìsàlẹ̀ ṣe máa rí lójú, iṣẹ́ fọ́ńtì ni. Nínú dátábéèsì, ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ìyẹn yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ tó pín sí méjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, àwọn mélòó ló ń ráyè tẹ àmì nígbà tí èrò bá tò síwájú wọn? "bolanle" ni wọ́n máa tẹ̀. Áàpù tó bá dáa gbọ́dọ̀ fi ìyẹn náà rí Bọ́láńlé. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń yọ àmì kúrò lára orúkọ fúnra rẹ̀, tí wọ́n á sì bà á jẹ́ títí ayé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ wà bí onítọ̀hún ṣe kọ ọ́, kí ẹ wá ṣe òpó kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú tábìlì, tó jẹ́ pé ìwákiri nìkan ló wà fún:

def kokoro(s):
    s = unicodedata.normalize("NFD", s.strip())
    s = "".join(c for c in s if not unicodedata.combining(c))
    return s.casefold()

Ó tú orúkọ palẹ̀, ó yọ gbogbo àmì, ó sọ lẹ́tà ńlá di kékeré. Bọ́láńlé á di "bolanle". Tí ẹnì kan bá wá ń wá orúkọ, ẹ fi kokoro gba ohun tó tẹ̀ náà kọjá, kí ẹ tó fi wé òpó kejì. Ó tún gbà yín lọ́wọ́ nǹkan mìíràn: LIKE inú SQLite mọ̀ pé A àti a jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n lẹ́tà ASCII nìkan ló mọ bẹ́ẹ̀ fún. Kò mọ̀ pé Ọ àti ọ bára tan.

Ẹ kàn má fi kọ́kọ́rọ́ yìí dá èèyàn mọ̀ ni. Ọkọ obìnrin, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ ológun, oko tí a gbin iṣu sí, gbogbo wọn á di "oko". Kí ìwákiri kó gbogbo wọn jáde, kí èèyàn wá fojú mú èyí tó fẹ́. Nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ fi dá akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀.

Fún dátábéèsì tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sápá kan. Ẹ wá fi ilekun gba orúkọ kọ̀ọ̀kan kọjá, kí ẹ sì tẹ àwọn tó bá papọ̀ jáde sí lísìtì kan. Ẹ má jẹ́ kí kóòdù dá pa wọ́n pọ̀ o! Bọ́láńlé méjì lè wà ní kíláàsì kan náà lóòótọ́. Ní ilé-ìwé yẹn, èmi àti bọ́sà jókòó tì í, ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, à ń wo ọjọ́ ìbí níkọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ náà ni wọ́n pa gbèsè yẹn rẹ́, ọmọ sì padà sí kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ fáìlì CSV náà tún wà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí "áº¹" níbi tó yẹ kí ẹ wà, tàbí "á¹£" níbi tó yẹ kí ṣ wà (àmì owó pọ́n-ùn yẹn kì í ṣe oore), UTF-8 ni wọ́n fi kọ fáìlì náà, àmọ́ wọ́n fi ètò àtijọ́ Windows kà á. Nínú Python, ẹ máa kọ encoding="utf-8-sig" sínú open, bóyá ẹ ń ka fáìlì ni o tàbí ẹ ń kọ ọ́; Excel náà á lè ṣí i dáadáa. Tó bá jẹ́ àpótí òfìfo ni ẹ rí, fọ́ńtì ni kò ní lẹ́tà yẹn, orúkọ ò sọnù. Àmì ìbéèrè ni kó bà yín lẹ́rù. Tí wọ́n bá ti fi "B??l??l?" pamọ́, lẹ́tà ti lọ nìyẹn, kò sí kóòdù tó lè dá a padà.

Títo orúkọ náà ní tiẹ̀. Tí ẹ bá lo sorted lásán, Ẹniọlá á lọ dúró lẹ́yìn Yétúndé, torí pé nọ́ńbà Ẹ tóbi ju ti Y lọ. Álífábẹ́ẹ̀tì wa ní lẹ́tà 25, Ẹ tẹ̀ lé E, Ọ tẹ̀ lé O, Ṣ tẹ̀ lé S, Gb sì jẹ́ lẹ́tà kan tó dá dúró lẹ́yìn G. Nítorí náà Gíwá yẹ kó ṣáájú Gbádébọ̀. Ẹ lè fọwọ́ ara yín kọ ọ́, ṣùgbọ́n PyICU ti mọ ètò yìí, ẹ kàn sọ fún un pé "yo" ni èdè yín.

Kí ẹ tó gbé áàpù fún ẹnikẹ́ni, ẹ fi orúkọ mẹ́rin dán an wò: Bọ́láńlé, Ẹniọlá, Ṣọlá, Gbádébọ̀. Ẹ fi NFC tẹ kọ̀ọ̀kan wọlé, ẹ tún fi NFD tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ wá fi "bolanle" wá ti àkọ́kọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó jáde, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lórí.