Ṣé O Mọ̀? Kọ̀ǹpútà Tó Ń Rán Dókítà Létí, àti Ohun Tí Ifẹ̀ Ti Ṣe

Ṣé o mọ̀ pé láti 1976 ni ẹ̀rí ti wà pé kọ̀ǹpútà lè rán dókítà létí iṣẹ́ rẹ̀? Dókítà Clement McDonald ló dán an wò ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ rẹ̀ a máa yẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn wò, a sì tẹ ìmọ̀ràn sórí bébà fún dókítà. Níbi tí ìránnilétí bá ti wà, àwọn dókítà ṣe ohun tó yẹ ní ìgbà 51 nínú 100. Níbi tí kò sí, ìgbà 22 péré. McDonald ní kì í ṣe àìmọ̀ ló fà á. Ohun tí ọkàn ènìyàn gbọ́dọ̀ mú dání lẹ́ẹ̀kan náà ló pọ̀ jù.

Ṣé o mọ̀ pé káàdì ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ọ̀ṣun wa níbí ṣáájú ìgbà náà? Láti ìdajì kejì àwọn ọdún 1950 ni Dókítà David Morley, ti Wesley Guild ní Iléṣà, ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń fa ìlà ìwọ̀n ọmọ sórí káàdì bó ṣe ń dàgbà. Bí ìlà náà kò bá gòkè mọ́, nọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, kí ọmọ tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọwọ́ ìyá ni káàdì ń gbé. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn káyé lónìí, Wesley Guild sì ti di ẹ̀ka ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ifẹ̀, OAUTHC.

Ṣé o mọ̀ pé Ifẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà wọ inú ìtọ́jú aláìsàn ní Áfíríkà? Ní 1989, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (ti Ifẹ̀), OAUTHC àti Yunifásítì Kuopio ní Finland pawọ́ pọ̀. Mikko Korpela àti Abimbola Soriyan wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ètò àkọsílẹ̀ tí àwọn ilé-ìwòsàn ológun-fẹ̀yìntì Amẹ́ríkà ń lò ni wọ́n mú, wọ́n sì tún un ṣe. Nígbà tó yá, ó di MINPHIS, tí orúkọ rẹ̀ kéde pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é. Oṣù kẹrin 1993 ni wọ́n pe HELINA, àpérò kọ̀ǹpútà àti ìlera ní Áfíríkà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì pè é sí. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ifẹ̀ kò gbọ́ èyí rí.

Ṣé o mọ̀ bí ìránnilétí ṣe ń ṣiṣẹ́? Òfin kékeré ni: bí aláìsàn bá ti lé ní ogójì ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ọdún kan, sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè ránni létí ohun tí a kò kọ. Bí fáìlì màmá kan bá wà ní ibùdó ìlera Eléyẹlé ní Ifẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọkọ, tó tún wà ní ilé-ìwòsàn ńlá pẹ̀lú orúkọ bàbá, ènìyàn méjì ni lójú ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àkọsílẹ̀ tí Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju bí a ti ń rò lọ.

Ṣé o mọ̀ pé OpenMRS, tí àwọn ará Indianapolis wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004 fún ilé-ìwòsàn Eldoret ní Kenya, ọ̀fẹ́ ni? Lórí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ NMRS tí àwọn ilé-ìwòsàn tó ń tọ́jú HIV ní Nàìjíríà ń lò.

Ṣé o mọ̀ pé ìránnilétí àpọ̀jù máa ń sọ dókítà di adití? Bí gbogbo nǹkan bá ń pariwo, yóò máa tẹ̀ wọ́n kọjá ni. Díẹ̀ ló dára: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gba àjẹsára HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ní oṣù kẹwàá 2023, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ọmọ ọdún 11 tí ibà gbé wá sílé ìwòsàn, ta ni yóò rántí bi í bóyá ó ti gbà á?

Jọ̀wọ́, orúkọ kan náà àti ọjọ́ ìbí kan náà ni kí o máa lò níbi gbogbo. Máa mú káàdì rẹ dání. Kí o tó dìde níwájú dókítà, bi í pé: “Àyẹ̀wò wo ló yẹ kí n ti ṣe, tí n kò tíì ṣe?”