Níbo Ni Àkùrọ̀ Parí Sí Lórí Ilẹ̀ Yín?

Ìwé ìlàlóye fún àgbẹ̀ àti onílẹ̀

Ìwé yìí wà fún ẹni tó ní ilẹ̀ lóko, tí odò tàbí ìṣàn omi gba ibẹ̀ kọjá, tó sì fẹ́ kọ́lé, gbẹ́ odò ẹja, pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ tàbí kí ó tà á. Kí ẹnikẹ́ni tó na okùn, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí àkùrọ̀ ti parí tí ilẹ̀ gbígbẹ ti bẹ̀rẹ̀. Pílánì sọ̀fíọ̀ kì í sábà fi èyí hàn. Ààlà ẹ̀yin àti aládùúgbò yín ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ààlà omi.

Ẹni tó bá lọ wo ilẹ̀ ní oṣù Kejì lè wọ bàtà aláwọ rìn já àbàtà láìmọ̀. Bó bá padà síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, á ká ṣòkòtò sókè. Nítorí náà, ẹ má fi omi tí ojú rí nìkan díwọ̀n. Ilẹ̀ tí omi ń gbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọọdún, àkùrọ̀ ni, bó tilẹ̀ gbẹ táútáú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò

Erùpẹ̀ la gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ilẹ̀ òkè lọ́dọ̀ wa sábà máa ń pupa nítorí pé irin inú rẹ̀ ń rí afẹ́fẹ́. Níbi tí omi bá dúró pẹ́, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlé. Irin náà á yọ́ mọ́ omi, erùpẹ̀ á sì di aláwọ̀ eérú. Bí omi bá fà, afẹ́fẹ́ á gba ihò gbòǹgbò wọlé, irin tó ṣẹ́kù á sì dípẹtà níbẹ̀. Eérú tí ìpẹtà tò sí nínú: àmì tí à ń wá nìyẹn, ẹ̀ẹ̀rùn kì í sì í pa á rẹ́.

Ẹ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò tó jìn tó 45 sẹ̀ǹtímítà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Ẹ gé erùpẹ̀ díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ihò náà, ẹ fọ́ ọ sí méjì, kí ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Tó bá ti gbẹ, ẹ wọ́n omi sí i ná, torí àwọ̀ erùpẹ̀ gbígbẹ máa ń tanni jẹ. Bí eérú àti ìpẹtà bá ti hàn kí ẹ tó gbẹ́ dé 30 sẹ̀ǹtímítà, inú àkùrọ̀ lẹ ṣì wà. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ihò pátápátá lẹ ti rí wọn, ẹ ti ń jáde. Ibi tó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, àkùrọ̀ ni, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti da yanrìn sí ilẹ̀ náà, ẹ gbẹ́ kọjá yanrìn dé ilẹ̀ àtijọ́.

Àwọn kan máa ń rí omi tó ń dán lójú ihò, wọ́n á ní epo rọ̀bì ni. Ẹ fi igi tọ́ ọ. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, irin àti àwọn kòkòrò àìfojúrí ló fà á. Epo gidi á tún pa dé ni.

Ohun tó ń hù níbẹ̀

Igbó ògùrọ̀ tàbí igi abura jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára. Tètèrègún àti làbẹ̀làbẹ̀ fẹ́ràn ibi tútù, àmọ́ wọ́n lè ya kọjá etí àkùrọ̀. Ọ̀pẹ ò ràn wá lọ́wọ́. Ó ń hù lókè, ó ń hù nísàlẹ̀. Ẹ má sì ka kókò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí èèyàn fọwọ́ gbìn sí ẹ̀rí. Ẹ wo ara igi bóyá ẹrẹ̀ fa ìlà sí i. Kí ẹ sì bi àwọn ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn léèrè ibi tí omi máa ń dé. Wọ́n sábà máa ń mọ̀ ọ́n ju ọkùnrin tó ni ìwé ilẹ̀ lọ.

Fífa ìlà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rẹlẹ̀ jù, ẹ máa gun òkè lọ, kí ẹ máa gbẹ́ ihò ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ààlà wà láàárín ihò tó ní àmì kẹ́yìn àti èyí tí kò ní. Ẹ gbẹ́ òmíràn sí agbedeméjì wọn, kí ẹ ri èèkàn. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà mìíràn ní nǹkan bí ogójì ìṣísẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, títí ẹ ó fi kárí ilẹ̀ náà, kí ẹ wá so àwọn èèkàn pọ̀. Ìlà náà kì í tọ́. Ẹ má tún un ṣe kó lè bá pulọ́ọ̀tì mu.

Ẹ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí òjò bá pọ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò Ògùn gbọ́dọ̀ ro ti omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán mọ́ ọn, torí ó lè dé lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀ ládùúgbò yín rárá.

Ìlà tí ẹ fà yìí kì í ṣe ìwé àṣẹ. Láti 2009 ni NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, ti ní ìlànà tó dáàbò bo ilẹ̀ àbàtà àti etí odò. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pílánì ilé kí ẹ tó da yanrìn kankan. Ibi tí ẹ bá dí, omi rẹ̀ á yà sí ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Ikán máa ń jẹ èèkàn, nítorí náà ẹ gbin pèrègún sójú ìlà náà. Ẹ ní kí sọ̀fíọ̀ yà á sórí pílánì, kí ẹ sì fi han ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ náà kí ó tó sanwó.